Ìdí tí olóòtú kò fi lo fídíò Ọlọ́jọ́ rẹ

Àbúrò, o ní o ya Ọlọ́jọ́ láti ààfin dé Òkè Mògún láìpa kámẹ́rà, pé àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, síbẹ̀ olóòtú ìròyìn ní kò ṣeé gé. Òótọ́ ló sọ. Mo ti gbé kámẹ́rà tẹ̀lé àwọn oníròyìn n'Ífẹ̀ àti Iléṣà títí èjìká fi bó, mo mọ ohun tó ń wá.

Ìròyìn kan lórí tẹlifíṣọ̀n kì í sábà ju ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ sí méjì lọ. Kékeré kékeré ni wọ́n ń lo àwòrán níbẹ̀. Dá kámẹ́rà dúró lójú kan, ka ení, èjì dé ẹẹ́wàá nínú, kó o tó ṣí kúrò. Ya èrò láti òkèèrè, sún mọ́ onílù, kó o tún ya ọwọ́ àti ọ̀pá lórí awọ.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù ni ẹ̀gbẹ́ tí kámẹ́rà dúró sí. Bí Ọọ̀ni bá ń lọ Òkè Mògún, tó o sì wà lápá ọ̀tún, apá ọ̀tún náà ni kó o máa bá wọn lọ. Bó o bá la àárín èrò sọdá sósì, tí wọ́n wá so àwòrán méjèèjì pọ̀, ńṣe ni Kábíyèsí á dà bí ẹni tó ń padà sáàfin tòun ti Adé Aàrẹ. Ará Èkó lè má fura. Ọmọ Ifẹ̀ á pariwo. Bí kò bá sí bó o ṣe fẹ́ ṣe é, kọ́kọ́ ya wọ́n láti iwájú gan-an tàbí láti ẹ̀yìn kó o tó sọdá. Àwòrán yẹn ni wọ́n á fi sáàárín.

Cutaway, ìyẹn àwòrán kékeré tí wọ́n fi ń bo ibi tí wọ́n ti gé ọ̀rọ̀, lẹ ń fojú di. Ìjòyè sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, gbólóhùn méjì lolóòtú fẹ́. Bó bá gé àárín, orí bàbá á ta lójijì. Ojú ẹni tó ń gbọ́, ọwọ́ oníròyìn tó ń kọ̀wé, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọwọ́ bàbá: ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré ti bo ojú ibẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá parí là ń yà wọ́n. (Ṣùgbọ́n má mú ẹni tó ń rẹ́rìn-ín bo ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òkú o. Irọ́ nìyẹn.)

Gba ìlù àti agogo nìkan fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ sí máìkì. Bó bá jẹ́ fóònù, gbé e ní ìbú, kó o yí i sí àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, torí 50 hertz (ìyípo àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni iná tiwa. Bó bá jẹ́ 30, iná gbọ̀ngàn lè máa ṣẹ́jú nínú fídíò.

Fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún orúkọ àti oyè, kó o sì bi wọ́n lójú ẹsẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Bí wọ́n bá ṣi oyè kọ fún ìjòyè kan n'Íléṣà, ilé ìròyìn kọ́ ló máa pè, ìwọ ni.