Kí lo rí níbẹ̀ tó o fi sọ bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí ní Kétu. Lọ́dún yìí wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ bí èèyàn ṣe ń wo àwòrán tí wọ́n fi ọ̀dà kùn, kí wọ́n sì lè túmọ̀ ẹ̀. Mo fi Guernica, àwòrán tí Picasso, ayàwòrán ọmọ Sípéènì, yà hàn wọ́n, kíláàsì kàn dákẹ́ lọ, ẹnì kan ní "ó burú", òmíì ní "kò jọ èèyàn", ni mo bá sọ ìtumọ̀ ẹ̀ fúnra mi, wọ́n dà á kọ. Kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá àwọn ọmọ, tíṣà. Ibi tẹ́ ẹ ti sọ ìtumọ̀ fún wọn yẹn gan-an ni mo fẹ́ dì mú, torí tọ́mọ bá ti mọ̀ pé tíṣà ní ìtumọ̀ kan lápò, kò ní wo àwòrán mọ́, ẹnu tíṣà ló máa máa wò.

Ẹ jọ̀ọ́, Kétu lẹ wà o! Àwọn ọmọ yẹn ti ń ka àwòrán tipẹ́. Tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jáde tó gbé ejò àti ẹyẹ lérí, ṣé wọn kì í jiyàn lé e títí wọ́n á fi délé ni? Wọ́n mọ̀ pé ojú tó wà nísàlẹ̀ máa ń parọ́rọ́, orí lókè ni wàhálà wà, wọ́n sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa ò jìnnà síbi tí ẹyẹ bá wà. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé: Kí lò ń rí? Kí lo rí níbẹ̀ tó o fi sọ bẹ́ẹ̀? Kí ló tún kù tá ò tíì rí? (Àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Abigail Housen àti Philip Yenawine, ti sọ irú ìbéèrè báyìí di ọ̀nà ìkọ́ni.) Ìbéèrè kejì yẹn ni mo fẹ́ràn jù, ẹ máa bi ọmọ tó gbà á àti ọmọ tó ṣì í bákan náà.

Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ wá padà sí Guernica. Ẹ fa okùn sára ògiri ilé-ìwé, mítà 3.5 sókè, mítà 7.8 ní gbọọrọ, kí wọ́n lè mọ bó ṣe tóbi tó, torí lójú fóònù kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kí wọ́n dákẹ́ wò ó fún ìṣẹ́jú méjì. Kí wọ́n wá máa dárúkọ: ẹṣin, akọ màlúù, ìyá tó gbé òkú ọmọ ẹ̀ dání tó gbójú sókè tó ń ké, idà tó ti kán, gílóòbù iná. Ẹ má tíì dárúkọ ogun o. Ìgbà tí wọ́n bá sọ tán lẹ máa wá sọ pé ní April 26, 1937, ọkọ̀ òfuurufú àwọn ará Jámánì àti Ítálì ju bọ́ǹbù sí ìlú Guernica ní Sípéènì, ọdún yẹn náà ni Picasso yà á. Ẹ wá ní kí wọ́n tún un wò: ọkọ̀ òfuurufú dà? Bọ́ǹbù dà? Kò sí. Kí ló dé tí ò yà wọ́n? Kí ló dé tó jẹ́ dúdú, funfun àti eérú nìkan ló lò? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn gbé lọ sílé. Tọ́mọ kan bá ní akọ màlúù ni ìkà, tí òmíì ní ìlú náà ni, ẹ má dájọ́ fún wọn, àwọn àgbà onímọ̀ pàápàá ṣì ń jiyàn lé e.

Ìbéèrè: Mo wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ọmọ ilé-ìwé ni mí. Mo ní àwọ̀ búlúù inú àwòrán kan jẹ́ ìbànújẹ́, tíṣà fún mi ní òdo. Ṣé ohun tó bá wu oníkálukú kọ́ ni ìtumọ̀ àwòrán?

Ìdáhùn: Rárá o, àbúrò. Wo Mọ́sálásí Ńlá wa yẹn, ẹni tí ò bá mọ ìtàn á ní ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ni, ojú ẹ̀ ò purọ́, ó jọ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ló mú irú ilé yẹn wá. Ojú nìkan ò tó, ìtàn gbọ́dọ̀ tì í lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ òdo yẹn. Ìbànújẹ́ tó o sọ, níbo lo tún ti rí i yàtọ̀ sí àwọ̀? Ṣé ẹnì kan sorí kọ́ ni, àbí ọwọ́ ẹ̀ ló rọ sílẹ̀? Gbé àwòrán náà tọ tíṣà ẹ lọ, kí o sì fi ìka tọ́ ibẹ̀ fún un.