Èsì: Àwòrán láti Ifẹ̀ sí Summer Exhibition
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé ẹ lè ti Ifẹ̀ níbí fi àwòrán sílẹ̀ fún Summer Exhibition, ìyẹn ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ti Royal Academy (ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà) ní London. Ẹ lè fi sílẹ̀ dáadáa, àtọdún 1769 ni wọ́n ti ń ṣe é lọ́dọọdún, ẹnikẹ́ni ló sì wà fún. Iṣẹ́ méjì péré ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èèyàn kan. Ẹ má tíì sanwó ẹrù fún ẹnikẹ́ni o! Fọ́tò àwòrán yín ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àfi tí wọ́n bá mú un wọ ìpele kejì kí wọ́n tó ní kẹ́ ẹ gbé e wá. Torí náà ẹ fara balẹ̀ ya fọ́tò yẹn, níta láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, ẹ má lo fláàṣì rárá. Owó fọ́ọ̀mù kì í padà ṣá. Èyí tẹ́ ẹ fi ya ọjà Odò-Ogbè yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sí i.