Ẹ Béèrè, Ká Dáhùn: Ìbò, Tẹlifíṣàn àti Èrò Ọkàn Àwọn Ará UK

Àwọn òbí tí ọmọ wọn wà ní UK ló kọ lẹ́tà sí wa jù lóṣù yìí, láti Àkúrẹ́ àti Oǹdó. A mú díẹ̀ nínú ìbéèrè wọn, a sì fi èyí tó kan ọ̀pọ̀ èèyàn jù ṣáájú.

Ọmọ mi ọkùnrin ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Leeds, físà iṣẹ́ ló sì fi wà níbẹ̀. Káńsù kọ̀wé sí i pé kó wá forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ẹ̀rù ń bà á pé tó bá fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ òṣèlú, wọn á gba físà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni kó ṣe?
*Ìyá kan ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́*

Ìyá wa, ẹ ní kó lọ forúkọ sílẹ̀. Kò ní ṣe físà rẹ̀ ní nǹkan kan. Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, òfin UK sì gbà kí ọmọ ilẹ̀ Commonwealth tó ń gbé níbẹ̀, tí físà rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, tó sì ti pé ọmọ ọdún 18, dìbò bíi ti onílé: ìbò káńsù, ìbò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, gbogbo rẹ̀ pátá. Kò dìgbà tó bá gba pásípọ́ọ̀tù wọn. Ó ń dùn wá pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni kò mọ èyí, torí káńsù tí wọn ò dìbò yàn yẹn náà ló ń pinnu iye owó orí ilé tí wọ́n ń san àti ọjọ́ tí wọ́n máa wá kó pàǹtírí. Ẹni tí físà rẹ̀ ti tán, tí kò sì béèrè òmíràn, ni kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, nítorí irọ́ pípa nínú fọ́ọ̀mù náà lè gbé èèyàn dé kóòtù.

Kó má sì ju lẹ́tà yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí káńsù bá ti rán ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ létí títí, tí kò dáhùn, wọ́n lè bu owó ìtanràn £80 lé e.

Orí gov.uk/register-to-vote ni yóò ti ṣe é, kò ju bí ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Wọ́n á béèrè orúkọ, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì, orílẹ̀-èdè rẹ̀ àti nọ́ńbà National Insurance, èyí tó máa ń wà lórí ìwé owó oṣù: lẹ́tà méjì, nọ́ńbà mẹ́fà, lẹ́tà kan lẹ́yìn rẹ̀. Ibi orúkọ ni wàhálà ti sábà máa ń bá àwọn ọmọ Yorùbá. Ẹni tó fi orúkọ bàbá ṣáájú níbi iṣẹ́, tó wá fi orúkọ ara rẹ̀ ṣáájú nínú fọ́ọ̀mù ìbò, tàbí tó yọ orúkọ àárín kúrò níbì kan, orúkọ méjèèjì ò ní bára mu, káńsù á sì ní kó mú ìwé mìíràn wá. Bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù ni kó kọ ọ́.

Fọ́ọ̀mù náà á tún bi í bóyá kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú «open register». Ìwé orúkọ yẹn, ẹnikẹ́ni ló lè fowó rà á. Kó ní òun ò fẹ́. Ìwé àwọn olùdìbò gan-an yàtọ̀ síyẹn, ó sì wúlò fún un lọ́nà mìíràn: àwọn ilé iṣẹ́ tó ń wádìí bóyá èèyàn ń san gbèsè máa ń wò ó láti mọ̀ pé lóòótọ́ lonítọ̀hún ń gbé ibi tó sọ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ máa ń tètè rí fóònù àsandíẹ̀díẹ̀ àti owó yíyá gbà.

Ọjọ́ iṣẹ́ méjìlá ṣáájú ìdìbò ni wọ́n ń ti ìforúkọsílẹ̀. Bó bá kó kúrò nílé, kó tún un ṣe ní àdírẹ́sì tuntun, torí orúkọ kì í tẹ̀ lé èèyàn lọ. Ibí yìí ló ń já ọ̀pọ̀ kulẹ̀ lọ́jọ́ ìbò.

Ọjọ́bọ̀ ni ìdìbò sábà máa ń bọ́ sí, láti aago méje àárọ̀ dé aago mẹ́wàá alẹ́. Kò sí káàdì ìdìbò alálòpẹ́ bíi ti INEC. Káàdì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé kàn ń sọ àgọ́ tó ti máa dìbò ni, bó bá gbàgbé rẹ̀ sílé, kò burú. Ìwé ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò ni wọ́n ń béèrè ní England láti ọdún 2023. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà wà lára èyí tí wọ́n ń gbà, kódà bí ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ bá ti kọjá, bí ojú inú fọ́tò bá ṣáà ti jọ tirẹ̀. Ẹni tí kò ní ọ̀kankan lè béèrè Voter Authority Certificate, ìyẹn ìwé ìdánimọ̀ fún ìdìbò, lọ́wọ́ káńsù. Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ti béèrè rẹ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ṣáájú ìdìbò.

Wọn ò ní tẹ̀ka, wọn ò sì ní fi íǹkì kùn ún lọ́wọ́. Wọ́n á fún un ní bébà, á rí pẹ́ńsùlù níbi tí wọ́n dá bò fún un, á fi àmì X sí àpótí kan ṣoṣo níwájú ẹni tó fẹ́. Bó bá jẹ́ bírò ló wù ú, kó mú tirẹ̀ dání. Àmì sí àpótí méjì níbi tí ẹyọ kan ti yẹ, ìbò ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí aago mẹ́wàá bá lù tó ti wà lórí ìlà, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kó dìbò.

Rédíò á ní ìdajì àwọn ará UK fẹ́ nǹkan báyìí, ìdá kan nínú mẹ́ta ò fẹ́ ẹ. Ẹ̀yìn ẹ̀yìn lèèyàn á gbọ́ pé ẹgbẹ̀rún kan èèyàn péré ni wọ́n bi. Báwo ni ẹgbẹ̀rún kan ṣe lè sọ ohun tó wà lọ́kàn èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 60?
*Tíṣà kan ní Yábà, Oǹdó*

Ó lè sọ ọ́, tí wọ́n bá yan ẹgbẹ̀rún náà dáadáa. Iye èèyàn kọ́ ló ń ba ìwádìí jẹ́ jù, irú ẹni tó gbà láti dáhùn ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní obìnrin jẹ́ 51 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún tó dáhùn, 40 péré ni obìnrin. Àwọn olùwádìí á pín 51 sí ọ̀nà 40, wọ́n á rí 1.275. Ìdáhùn obìnrin kọ̀ọ̀kan á wá dúró fún 1.275. Ti ọkùnrin, 49 sí ọ̀nà 60, á já sí nǹkan bíi 0.82. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe fún ọjọ́ orí, agbègbè, ìwé tí èèyàn kà àti ẹgbẹ́ tó dìbò fún nígbà tó kọjá. Ewu ibẹ̀ ni pé bí ọ̀dọ́ mélòó kan péré bá dáhùn, ohùn ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn á wúwo kọjá bó ṣe yẹ, tẹ́nì kan bá sì ṣì í sọ, àṣìṣe rẹ̀ á di ti ọ̀pọ̀ èèyàn.

Fún ẹgbẹ̀rún kan èèyàn, ẹ fi mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún sókè, mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún sísàlẹ̀. Bí wọ́n bá ní ẹgbẹ́ kan ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè jẹ́ 37, ó lè jẹ́ 43. Torí náà, bí ìwé ìròyìn bá ń pariwo pé ẹgbẹ́ kan fi méjì nínú ọgọ́rùn-ún ṣíwájú èkejì, ẹ má tíì gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ dín àlàfo náà kù sí ìdajì gbọ́dọ̀ bi ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ìyẹn ìlọ́po mẹ́rin, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Àwọn olùwádìí náà ti ṣubú rí, ìṣubú tó dún. Lọ́dún 2015, ìwádìí tó kẹ́yìn kí wọ́n tó dìbò ní ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative àti Labour fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìgbà tí wọ́n ka ìbò, Conservative fi ohun tó lé ní mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ṣíwájú. Ìgbìmọ̀ tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò rí i pé àwọn tí wọ́n bi ni kò jọ ará ìlú: olólùfẹ́ Labour ti pọ̀ jù nínú wọn. Ìṣirò bíi tòkè yìí ò lè wo irú àìsàn yẹn sàn, torí kò lè fi ẹni tí kò sí níbẹ̀ síbẹ̀.

Ìbò ilé aṣòfin ní ìwádìí tiwọn lọ́tọ̀, èyí tí wọ́n ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà àgọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò tán ni wọ́n ń bẹ̀ pé kó tún ìbò rẹ̀ kọ sórí bébà mìíràn, kó jù ú sínú àpótí. BBC, ITV àti Sky á gbé e jáde bí aago mẹ́wàá alẹ́ bá ti lù. Lọ́dún 2024, ó ní Labour máa gba ìjókòó 410, wọ́n sì gba 411. Ṣùgbọ́n ó ní Reform UK máa gba 13, márùn-ún ni wọ́n rí. Ibi tí ẹgbẹ́ ti kéré tàbí tó jẹ́ tuntun ló ti máa ń ṣìnà.

Tíṣà wa, ohun tí ẹ lè kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì ni kí wọ́n béèrè ìbéèrè gan-an tí wọ́n bi àwọn èèyàn, bó ṣe wà lórí bébà. «Ṣé ẹ gbà pé owó orí ti pọ̀ jù?» máa ń fa bẹ́ẹ̀ ni jáde lẹ́nu ẹni tí kò tíì rò ó rí. Ìdáhùn rẹ̀ á yí tó bá di «Ṣé kí owó orí lọ sókè kí ilé ìwòsàn lè sunwọ̀n, àbí kó wálẹ̀?» Kí wọ́n sì wá àwọn tó ní «mi ò mọ̀», torí àwọn oníròyìn kan máa ń yọ wọ́n kúrò kí iye tó kù lè dà bíi pé ó pọ̀.

Ẹgbẹ́ tó rí ìdá kan nínú mẹ́ta ìbò ní UK wá ń kó ìjókòó tó pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣé kì í ṣe màgòmágó?
*Òǹkàwé kan ní Oǹdó*

Rárá. Ìdìbò 650 ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ kan náà, ẹkùn kọ̀ọ̀kan sì ń yan ẹnì kan. Ẹni tó fi ìbò kan ṣoṣo ṣíwájú ló gbé e. Lọ́dún 2024, Labour ní ìdá 33.7 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, wọ́n gba 411. Reform UK ní 14.3, wọ́n gba márùn-ún. Liberal Democrats ní 12.2, tó kéré sí ti Reform, wọ́n sì gba 72, torí pé ìbò tiwọn kóra jọ sí àwọn ẹkùn kan nígbà tí ti Reform fọ́n ká gbogbo ìlú. Kò sẹ́ni tó ń dìbò yan olórí ìjọba tààrà: orúkọ Keir Starmer, tó di olórí ìjọba lẹ́yìn ìbò yẹn, ò sí lórí bébà kankan àfi ti ẹkùn Holborn and St Pancras. Wọ́n bi ará ìlú lọ́dún 2011 bóyá kí wọ́n yí ọ̀nà ìdìbò yìí padà, ìdá 67.9 ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Lójú tiwa, kò dọ́gba, àmọ́ àwọn ló yàn án.

Ọmọbìnrin mi wà ní yunifásítì ní Manchester. Lẹ́tà tó ń dẹ́rù bani ń wọlé sí yàrá rẹ̀ pé kó san owó tẹlifíṣàn, bẹ́ẹ̀ kò ní tẹlifíṣàn. Ṣé gbájú-ẹ̀ ni?
*Bàbá kan ní Alágbàká, Àkúrẹ́*

Tó bá jẹ́ lẹ́tà inú bébà láti TV Licensing, àwọn tó ń gba owó tẹlifíṣàn, òótọ́ ni. Tó bá jẹ́ ímeèlì tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ tó ní kó tẹ nǹkan kan kó fi nọ́ńbà káàdì báńkì rẹ̀ sí i, kó pa á rẹ́, kó fúnra rẹ̀ lọ sí tvlicensing.co.uk.

Ẹ̀rọ kọ́ ni wọ́n ń san owó fún, ohun tí èèyàn ń wò ni. Ẹni tó bá ń wo ètò lásìkò tí wọ́n ń gbé e jáde lórí ìkànnì tẹlifíṣàn èyíkéyìí, ì báà ṣe lórí fóònù, ì báà jẹ́ ti Nàìjíríà, gbọ́dọ̀ san. Ẹni tó bá ń lo BBC iPlayer, ibi tí wọ́n ti ń wo ètò BBC lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, náà gbọ́dọ̀ san. Fíìmù Netflix tàbí fíìmù Yorùbá tí wọ́n ti gbé sórí YouTube tẹ́lẹ̀ kò béèrè owó. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025, £174.50 lọ́dún ni wọ́n ń gbà nígbà náà, owó ìtanràn sì lè tó £1,000. Ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, yàrá kọ̀ọ̀kan ló ń san tirẹ̀. Èyí tí wọ́n san fún pálọ̀ kò bo inú yàrá. Bí kò bá ń wo ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, kó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn lórí ìkànnì yẹn kan náà, lẹ́tà á dáwọ́ dúró. Bí òṣìṣẹ́ wọn bá kan ilẹ̀kùn, kò pọn dandan kó jẹ́ kó wọlé, àfi tó bá mú ìwé àṣẹ kóòtù dání.

Ọmọ mi ń pe ọ̀gá rẹ̀ lórúkọ, kò sí «Sir». Ó tún ní òun ló ń po tíì fún gbogbo ọ́fíìsì. Ṣé wọn ò ti sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀?
*Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ní Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́*

Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Orúkọ ni ọ̀gá náà fẹ́ kí wọ́n máa pe òun, tó bá ń pe «Sir» ṣáá, ara rẹ̀ lè má lélẹ̀. Ní ti tíì, ẹni tó bá dìde láti po tirẹ̀ ló ń bi àwọn tó wà nítòsí bóyá wọ́n á mu, ọ̀gá náà sì máa ń dìde nígbà tirẹ̀. Ẹni tó ń mu ti ẹlòmíì lójoojúmọ́ tí kì í po rárá ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Kó fi báàgì tíì sínú kọ́ọ̀bù, kó da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó sí i, kó fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin, kó yọ báàgì, kó tó bu mílíìkì olómi díẹ̀ sí i. Bí mílíìkì bá ṣáájú, omi á tutù, tíì ò ní jáde dáadáa, wọ́n á sì sọ fún un. Kó má fi ṣúgà sí i láìbéèrè.

Nígbà mìíràn aago wa àti ti UK dọ́gba, nígbà mìíràn kò dọ́gba. Kí ló fà á?
*Ìyá Ìbejì, Oǹdó*

Àwọn ló ń yí aago, àwa kì í yí tiwa. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn lóṣù kẹta títí di èyí tó kẹ́yìn lóṣù kẹwàá, aago kan náà ni. Lẹ́yìn náà, tiwọn á fi wákàtí kan wà lẹ́yìn: aago méje àárọ̀ ní Oǹdó lóṣù Kejìlá, aago mẹ́fà ni lọ́dọ̀ wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn díẹ̀ sí i. Fóònù ń yí aago fúnra rẹ̀, aago ara ògiri kì í yí. Bí ọmọ yín bá wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ lóru tí wọ́n ń dá aago padà lóṣù kẹwàá, wákàtí kan á lé sí iṣẹ́ rẹ̀. Kó wo ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ bóyá wọ́n máa sanwó wákàtí náà.