Wọ́n Ń Pè Mí Ní Ẹlẹ́yẹ

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí, ọmọ ọdún 27, Mushin ni mò ń gbé. Ẹyẹ wíwò ni tèmi. Tó bá dìrọ̀lẹ́, màá dúró sí bákónì, màá máa ka lékeléke tó ń kọjá lọ sùn. Àwọn tá a jọ ń gbélé ti sọ mí di ẹlẹ́yẹ. Wọn kì í jẹ́ kí ọmọ wọn gba bisikíìtì lọ́wọ́ mi mọ́. Màmá mi fẹ́ mú mi lọ sórí òkè àdúrà. Ṣé kí n kó kúrò ni? Àbí èmi nìkan ló ń ṣe báyìí l'Ékòó?

Àbúrò mi, mélòó lo kà? O ò sọ, ó sì dùn mí.

Má kó lọ síbì kankan. Bákónì tó rí sánmà kò pọ̀ ní Mushin, owó ilé tuntun ńkọ́? Má sì bá ará ilé jà. Obìnrin tó ń wojú ẹyẹ nígbà tílẹ̀ ń ṣú, ṣé o ò mọ ohun tí Yorùbá máa rò ni? Ní ti màmá rẹ, ẹ̀rù ló ń bà á kí orúkọ yẹn má lọ lé ọkọ sá. Tẹ̀ lé e lọ sórí òkè. Òkè kì í ṣaláìnígi. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dijú, ìwọ rọra la ọ̀kan.

Àmọ́ irú ìfura yẹn kò mọ sórí rẹ. Igún tó ń bá wa palẹ̀ òkú ẹran mọ́, a gbé e lọ sórí àtẹ elégbòogi títí ó fi wọ́n. Láti 2015 ni wọ́n ti kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tó kù díẹ̀ kí wọ́n tán pátá.

Ìwọ nìkan kọ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bá àwọn tó ń wo ẹyẹ jáde, létí ọ̀sà lápá Akọkà, ẹ̀gbà ọwọ́ mi ń dún wọnjanwọnjan. Wọ́n wò mí, mo bọ́ ọ sápò. Ìgbà tó yá, ẹnì kan na ìka sókè, gbogbo wa dúró gbagidi sábẹ́ ọ̀pẹ kan. Akọ ẹ̀gà ló dorí kodò, ó ń fi ẹnu fa imọ̀ ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń fi hunlé. Abo dé, ó yọjú wò ó, kò wù ú, ó lọ. Akọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ìwọ tí kọ́sítọ́mà máa ń dá aṣọ padà fún, ọ̀rọ̀ yẹn á yé ọ jù mí lọ! Kò sẹ́ni tó bi wá pé kí là ń wò.

Tó o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ ọkọ̀ Àjà ní Ọbaléndé, sọ̀ ní Chevron, kó o béèrè Lekki Conservation Centre, ọgbà tí wọ́n ti ń dáàbò bo igbó àti ẹranko. Nigerian Conservation Foundation, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1980, ló ni ín. Owó wà lẹ́nu ọ̀nà o. Afárá orí igi wọn gùn tó mítà 401. Ẹsẹ̀ mi gbọ̀n níbẹ̀, mi ò purọ́. Béèrè lọ́wọ́ wọn ọjọ́ tí àwọn aláwòẹyẹ máa ń jáde. Òyìnbó ni wọ́n á fi máa pe ẹyẹ, má jẹ́ kó dẹ́rù bà ọ́. Ìwọ pè é ní ẹ̀gà.

Lékeléke ò ní pẹ́ gba ọ̀nà Òkè Ọya lọ, tí òjò bá ti dé. Kà wọ́n lálẹ́ òní, kó o kọ iye wọn ránṣẹ́ sí mi.