Abẹ́rẹ́ ojú nílé kẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọyẹ́ ti gbẹ awọ ojú mi. Ṣé mo lè ra abẹ́rẹ́ hyaluronic acid, èròjà tó ń fa omi mọ́ra nínú awọ, kí n fi gún ojú ara mi? Òǹkàwé, Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò. Bó bá ṣèèṣì wọ iṣan ẹ̀jẹ̀, yóò dí i: awọ lè kú, ojú sì lè fọ́. Oògùn kan, hyaluronidase, ni dókítà fi ń yọ́ ọ. Ta ló ní in nílé? Bí ẹ bá ti gún un, tí ibẹ̀ funfun, tó ń ro yín gógó tàbí tí ìríran ṣú, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ọyẹ́ kò tó ohun tí à ń gún abẹ́rẹ́ sí. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ bọ́jú. Kí ojú tó gbẹ, ẹ po ẹ̀kán glycerin 3 mọ́ ṣíbí omi kan, ẹ fi pa á, kí ẹ wá fi òrí díẹ̀ lé e. Òrí ni kò ní jẹ́ kí omi náà tètè gbẹ kúrò lára awọ.