Àgùntàn tí mo rà ni ó kó àrùn wọ agbo: ṣé kí n sọ fún ọkọ mi?

Arábìnrin mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kọ̀wé pé àgùntàn 17 ni ẹ̀yin àti ọkọ yín ní nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, pé ẹ fi owó tí ẹ ti ń tù jọ ra abo kan sí i lọ́jà, ẹ sì dà á mọ́ agbo lọ́jọ́ náà gan-an. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí 11 fi kú. Kí ẹ tó sin wọ́n tán, òjò dá, àgbàdo yín tí ó ń yọ òdòdó sì gbẹ lórí ìdúró. Ní báyìí, ọkọ yín gbà pé inú agbo àbúrò rẹ̀, tí ó ń jẹko lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín, ni àrùn náà ti wá. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí i, àwọn méjèèjì kò sì kí ara wọn mọ́. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ mọ̀ pé abo tí ẹ rà ni imú rẹ̀ kọ́kọ́ ń da ikun, ní ọjọ́ tí ọkọ yín kò sí nílé. Ẹ wá bi mí bóyá kí ẹ sọ ọ́, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bá àwọn ẹran wọ ilẹ̀ lọ.

Ẹ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ bá ọkọ yín, mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí tí ó jẹ́ ẹ̀bi yín àti èyí tí kì í ṣe ẹ̀bi yín, nítorí pé nínú lẹ́tà yín, ẹ ti di gbogbo rẹ̀ ní ẹrù kan, ẹ sì gbé e ka orí ara yín.

Ẹ ní dókítà ẹran sọ pé àrùn PPR ni. Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fà á. Kì í ran ènìyàn, ṣùgbọ́n nínú agbo àgùntàn tàbí ewúrẹ́ tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rí, ó lè pa ju ìdajì lọ, àwọn agbo kan sì wà tí ó ti pa ẹran mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ẹran tí ó ti kó o sábà máa ń lo ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ibà tó mú un, nígbà mìíràn ó máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ á sì mọ́ kedere, á máa jẹ àpọ̀jẹ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Irú abo bẹ́ẹ̀ ni ẹ rí lọ́jà. Kò sí bí ojú yín ì bá ṣe dá àrùn mọ̀ lára rẹ̀. Ní ọdún 2015, àjọ FAO, tí ó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, àti àjọ àgbáyé fún ìlera ẹran bẹ̀rẹ̀ ètò láti pa àrùn yìí run kúrò láyé kí ó tó di ọdún 2030. Ẹ wo bí ohun tí ó wọlé tọ̀ yín wá ti lágbára tó.

Èmi kò ní tìtorí pé mo fẹ́ tù yín nínú kí n purọ́ fún yín. Ì bá ti dára kí ẹ so abo náà lọ́tọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó dé àárín àwọn yòókù. Ẹ kò mọ̀, ọ̀pọ̀ tí ó mọ̀ pàápàá kì í ṣe é nítorí àìsí àyè. Àṣìṣe ni, kì í ṣe ìwà ìkà. Ti àgbàdo kò tilẹ̀ kàn yín rárá: àsìkò tí òdòdó bá yọ lórí rẹ̀ tí irun sì ń jáde lára ọmọ rẹ̀ ni ó nílò omi jù, tí òjò bá sì dá lásìkò náà, kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tí ó lè fi hóró sínú rẹ̀.

Ìdákẹ́ yín ni ó ń dà mí láàmú, nítorí ẹlòmíràn ni ó ń ru ẹrù rẹ̀. Ewu kan sì tún wà níbẹ̀ tí ẹ kò mẹ́nu kàn nínú lẹ́tà yín. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ yín ni àrùn ti bẹ̀rẹ̀, a jẹ́ pé agbo àbúrò ọkọ yín ni ó wà nínú ewu báyìí, kò sì sí ẹni tí ó kìlọ̀ fún un. Ó yẹ kí dókítà ẹran náà mọ ọjà tí ẹ ti rà á, torí pé ẹ̀yin nìkan kọ́ ni ẹ rajà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ wá ìgbà tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan wà, tí kò tíì rẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ ọ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀: ọjọ́ tí ẹ rà á, ohun tí ẹ rí, ìdí tí ẹ̀rù fi bà yín. Ẹ má fi àṣìṣe tirẹ̀ kún un. Bí ó bá bínú, ẹ jẹ́ kí ó bínú. Oko ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ní ọdún kan tí ọ̀gbẹlẹ̀ ba ohun ọ̀gbìn wa jẹ́, ó lé ní oṣù kan tí bàbá mi kò fi bá ẹnikẹ́ni nínú ilé sọ̀rọ̀. A rò pé inú ń bí i sí wa ni. Ìgbà tí mo dàgbà tán ni mo tó mọ̀ pé ojú ni ó ń tì í. Ó ṣeé ṣe kí ìbínú ọkọ yín sí àbúrò rẹ̀ jẹ́ irú ìtìjú bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kì í sùn mọ́, oúnjẹ kò sì wù ú. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé ó sàn kí òun kú, ẹ kó oògùn apakòkòrò kúrò ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó, kí ẹ sì mú un lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Ẹ béèrè bóyá kí ẹ ta ilẹ̀. Ẹ má tíì tà á. Ìpinnu tí ènìyàn bá ṣe nígbà tí ẹkún kò tíì gbẹ lójú rẹ̀ ṣòro láti yí padà. Ẹran méje ni ó ṣẹ́kù fún yín. Àwọn tí ó ṣàìsàn tí ara wọn sì yá nínú wọn, àrùn yìí kì í sábà mú wọn mọ́ títí ayé wọn. Àwọn yòókù ni ẹ máa bi dókítà ẹran nípa abẹ́rẹ́ wọn, èyí tí ó máa ń dáàbò bò wọ́n fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán.

Nígbà tí ọkọ yín bá ti gbọ́, ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ jọ lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, ẹ má rán ọmọ. Ẹ bẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì bá a sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Ìgò àjẹsára kan sábà máa ń tó fún ẹran 50 tàbí 100, bí wọ́n bá sì ti po ó, kò ṣeé fi pamọ́ di ọjọ́ kejì. Ẹran méje yín kò lè lò ó tán. Ẹ ní kí ó ka iye ẹran tirẹ̀, kí dókítà lè wá gún agbo méjèèjì lọ́jọ́ kan náà.