Power pack wo ló lè gbé RTX 3060?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA ni mí, níbí ní Àkúrẹ́. Mo ra kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀ tí processor rẹ̀ jẹ́ i5, mo sì ki graphics card RTX 3060 bọ̀ ọ́. Power pack (àpótí tó ń pín iná fún inú kọ̀ǹpútà) 300 watt tó bá a wá ò ní waya káàdì náà, ni ẹnì kan bá fi àsopọ̀ fa iná láti ara waya SATA, èyí tó ń gbé iná fún díìsìkì. Bí mo bá ṣí géèmù báyìí, kì í pẹ́ tó fi ń kú pii. Mo rí power pack 1000 watt kan lọ́jà tí kò wọ́n, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé á máa jẹ yúnìtì wa. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tíì rà á. Padà lọ wo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, wá ibi tí wọ́n kọ +12V sí, torí ibẹ̀ ni graphics card ti ń jẹun. Iye amp tó bá wà níbẹ̀, fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀. Wọ́n gbé ọ̀kan wá bá mi rí, 1000 watt gàdàgbà lára páálí, amp 16 péré lábẹ́ 12V. Watt 192 nìyẹn, nígbà tí 3060 nìkan ń fẹ́ 170! Ẹnu dùn ún ròfọ́. Mo gbé e lọ́wọ́, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Power pack gidi máa ń wúwo.

Jẹ́ ká ṣírò tìrẹ. Káàdì, 170. Processor i5 tí wọ́n kọ watt 65 sí lè fà ju 100 lọ bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára. Bọ́ọ̀dù (motherboard), fáànù àti díìsìkì, ká pè é ní 50. Ó ti ń sún mọ́ 350, bẹ́ẹ̀ káàdì tún máa ń ta kọjá 170 lẹ́ẹ̀kan náà, kó tó ṣẹ́jú ó ti wálẹ̀. Power pack rẹ tó ń kú yẹn, ara rẹ̀ ló ń gbà là. Ìdí nìyí tí Nvidia, iléeṣẹ́ tó ni 3060, fi ní ká lo 550 fún 3060. 550 ojúlówó tó ní àmì 80 Plus, ìyẹn àmì pé kì í fi iná ṣòfò púpọ̀, ni kó o rà. Bó o bá ní in lọ́kàn láti pààrọ̀ káàdì lọ́jọ́ iwájú, fi owó kún un, kó o gba 650.

Ti yúnìtì, fọkàn balẹ̀. 550 kì í fa 550 lára ògiri, ohun tí kọ̀ǹpútà bá béèrè ló ń gbé fún un. Bó o bá ń tẹ iṣẹ́ ilé-ìwé, ó lè má tó 100. Ìgbà géèmù ló máa tó nǹkan bí 400, torí náà má fi kọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré tó tún ń gbé fíríìjì. Bó bá jẹ́ inverter lẹ ní, pure sine wave ni kó jẹ́, ìyẹn èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere bíi ti NEPA. Ọ̀pọ̀ power pack ìgbàlódé kì í bá èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rẹ́.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lo fẹ́ rà, wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn kan ní bọ́tìnnì pupa kékeré tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Iná Amẹ́ríkà ni 115. Ẹni tó bá ki í bọ iná tiwa láì tì í sí 230, á gbọ́ "gbàù!" Ó ti ṣe mí rí, bọ́ọ̀dù oníbàárà sì bá a lọ, èmi ni mo san án. Tún wọn inú kọ̀ǹpútà rẹ pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ HP àti Dell ọ́fíìsì ni waya bọ́ọ̀dù wọn ò bá ti power pack ọjà mu, ó lè gba àsopọ̀ tirẹ̀.

Èyí tó ń kó mi láyà sókè jù ni waya SATA yẹn. Kò ju watt 54 lọ tí orí SATA kan lè gbé ní 12V, ihò 8-pin ara káàdì sì lè béèrè tó 150. Ó lè yọ́, ó lè gbaná. Yọ ọ́ lónìí, yọ káàdì náà pẹ̀lú, kó o ki waya mọ́nítọ̀ bọ ìdí bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Ìyẹn tó o fi ṣe assignment títí wàá fi rówó ra gidi.